Ọtí Ìdána Àǹtí Mi

Ní àwọn ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá àgbà, Ìdóàní ni mo ń gbé, nílé àwọn òbí ìyá mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ náà sì ń gbé e kiri. Ibi tí wọ́n gbé e lọ lọ́dún náà jìnnà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì rí níbẹ̀. Ìyá mi tẹ̀ lé e pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú. Èmi ni wọ́n fi sọ́dọ̀ Yèyé àgbà kí n máa lọ sí ilé ìwé láti ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ lè tẹ fóònù báyìí kí ẹ sì rí ojú ìyá yín, ẹ bá mi rò ó wò: láti ìgbà ìkórè ìjọ títí ọyẹ́ fi wọlé, mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi. Lẹ́tà méjì péré ló kọ, mo sì ti kà wọ́n títí ibi tí mo ti ṣẹ́ ìwé náà fi ya.

Ọyẹ́ ọdún náà pọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn òkè tó yí ìlú ká kì í hàn rárá, àfi bíi pé wọ́n ti rìn lọ síbì kan. Tó bá di ìyálẹ̀ta, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, òkè kan lẹ́yìn òmíràn, láìsí ariwo. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kí n máa ka iye wọn. Nínú ọkàn mi, mo gbà pé lọ́jọ́ kan, bí àwọn òkè bá ṣe ń yọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi náà á yọ láàárín wọn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti àpò lọ́wọ́.

Àǹtí mi wà nínú ilé náà, àbúrò ìyá mi, àbígbẹ̀yìn Yèyé. Ó ti jáde ilé ìwé girama, ó sì ti ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò tíì dé. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ùsò ń fẹ́ ẹ. Mẹkáníìkì ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀wọ̀, ó sì máa ń gun alùpùpù wá kí wa lọ́jọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Mi ò ní purọ́ fún yín, èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń ra búrẹ́dì wá fún mi, bí mo bá sì bi í ní ìbéèrè, á dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ti sọ fún Bàbá àgbà pé ìyàwó ilé àwọn kì í lọ sí ilé ìwé kankan mọ́, pé ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì òun ló ń dúró dè é.

Bàbá àgbà ti gbà. Wolé-wolé ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń wọ agbolé àwọn èèyàn láti wo bóyá wọ́n bo omi àmù wọn. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ kí nǹkan wà láìní ìdérí, ó sì dà bíi pé ojú tó fi ń wo ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ nìyẹn. Ó fẹ́ kí ìgbéyàwó náà wáyé kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ nínú àwẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é kí Lẹ́ńtì tó dé, ẹ̀yìn Àjíǹde ló kù.

Àṣà kan wà nínú ẹbí wa, mi ò mọ̀ bóyá ilé mìíràn ń ṣe é. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń mu bí omi nígbà tí oòrùn bá mú, àmọ́ èyí tó le, tí ahá kan rẹ̀ á mú ojú àgbàlagbà rọ̀. Òun ni àwọn àgbà ìhà méjèèjì máa ń mu láàárọ̀ ọjọ́ ìdána kí wọ́n tó gbàdúrà fún ọmọ, kí gbogbo ilé tó wá dìde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ọtí ló ń mú ọjọ́. Bàbá àgbà sọ ọ́ létí gbogbo wa pé: “Sátidé tí ọtí bá ti dé, òun ni Sátidé ìdána.” Sátidé mẹ́ta ló sì kù kí Lẹ́ńtì wọlé.

Òórùn ìgbà náà ṣì wà ní imú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. A ti rẹ àgbàdo sómi, a ti tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, a fi ewé mìíràn bò ó títí ó fi hù, tí gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí irun àgbà, tó sì so mọ́ra bí ẹní. A sá a sóòrùn, a lọ̀ ọ́, àǹtí mi sì sè é láti àárọ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀, ó ń rò ó, ó ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ tó sì tutù, Yèyé bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ láti inú kèrègbè rẹ̀, díẹ̀ báyìí, ó dà á sínú ìkòkò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń jí ọtí. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó sì sọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ fún àǹtí mi. Èmi náà ń gbọ́.

Ó ní kí ó má kún ìkòkò dé ẹnu, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìfóòfó. Ó ní aṣọ ni kí ó fi bò ó, kí ó má ṣe dí i pa, torí ọtí tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ikùn ìkòkò, ó ní: “Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ọrùn ọmọ tó sùn, ó dára. Bí ó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, á sáré, á sì máa fọ́ àwọn èèyàn lórí. Bí ó bá tutù, á kàn sùn síbẹ̀.” Ó ní ìgbà mẹ́ta ni yóò fún un lóúnjẹ kí ó tó le: bí ìfóòfó bá ti lọ sílẹ̀, kí ó da omi àgbàdo tó ti sè títí tó fi ki sí i pẹ̀lú oyin, kí ó tún dúró kó hó, kó tún lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fún un lóúnjẹ nígbà tó ṣì ń hó, adùn lásán ni yóò rí, kò ní rí agbára. Bí ìkòkò bá wà nítòsí ààrò, ọjọ́ mẹ́fà sí méje, ó ti dé.

Ní ọjọ́ kejì, àǹtí mi gbé ìkòkò náà kúrò nítòsí ààrò. Òun àti obìnrin aládùúgbò kan ló gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ibi tí oòrùn kì í dé. Ó ní eṣinṣin pọ̀ jù ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ eṣinṣin yìí wọ Bàbá àgbà lára púpọ̀. Ó tiẹ̀ yìn ín lójú gbogbo wa, ó ní ọmọ òun ni lóòótọ́. Yèyé wo yàrá náà, ó wo fèrèsé rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbà wọlé, ó sì padà sídìí ààrò.

Inú yanrìn ni àǹtí mi ri ìdí ìkòkò náà sí, bí a ṣe ń ṣe fún àmù omi tí a bá fẹ́ kó tutù. Ó fi àpò ìdọ̀họ bò ó lára. Láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, èmi ni mo ń pọn omi odò wá, òun á sì rọra dà á sórí yanrìn àti sórí àpò náà títí gbogbo rẹ̀ fi rin gbingbin. Ní ọjọ́ kẹta ó rí i pé mo ń wo òun.

Ó ní, “O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ kí ọtí jí.

Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. “Mi ò ní kí ó má jí. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ ni. Bí Lẹ́ńtì bá bá a níbi tó wà yìí, wọ́n á sún un di ẹ̀yìn Àjíǹde. Lẹ́tà mi á ti dé kí ìgbà yẹn tó dé. Bí mo bá ti mú lẹ́tà lọ́wọ́, Bàbá ò ní lè sọ pé kí n má lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọlé ọkọ, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ti parí nìyẹn.”

Mo ní, “Ṣé ẹ ò fẹ́ràn ọkọ yín ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ síta.”

Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ. Fún ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ilé wa rí bí ilé inú àlá. Gbogbo èèyàn ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń dúró de ìkòkò kan. Mo máa ń wọ yàrá náà kí n gbé etí lé e. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó dún, tí yóò fi mú ohùn kan jáde, kíún, bí ìgbà tí omi bá já láti ara ewé. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún dákẹ́. Bàbá àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè pé, “Kò tíì dé?” Àǹtí mi á ní, “Ọyẹ́ ni, bàbá.” Sátidé kan kọjá, èkejì náà kọjá. Ẹyọ kan ló kù.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó kọ ọ́ pé wọn ò ní ráyè wá nígbà Àjíǹde, pé ìgbéyàwó àǹtí mi nìkan ni bàbá mi lè gbàyè lé lórí níbi iṣẹ́, pé bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé tó kángun sí Lẹ́ńtì, kí a kàn tẹ wáyà sí àwọn, àwọn á dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá mọ̀.

Mo ka lẹ́tà náà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, mo tún un kà. Ní ọjọ́ Ajé, àǹtí mi wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ láti béèrè lẹ́tà tirẹ̀ ní pósófíìsì, ó sì ní òun á sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ìbátan wa kan níbẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé omi yanrìn.

Mi ò gbàgbé omi. Mi ò kàn pọn ọ́n ni. Nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, Bàbá àti Yèyé wà lóko. Mo ti fèrèsé. Mo ká àpò tútù kúrò. Mo fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn náà kúrò ní ìdí ìkòkò, mo fi igbá kó eérú gbígbóná láti inú ààrò, mo sì tò ó yí ìkòkò ká, kò fara kàn án, nítorí mo rántí pé Yèyé ní kí ó má gbóná jù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo dúró títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i láti inú kèrègbè. Lẹ́yìn náà ni mo ká kúbùsù mi wá láti orí ẹní, mo fi wé ìkòkò náà, mo sì so ó níwájú bí ẹni pọn ọmọ. Èmi nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí n sọ òótọ́, mi ò ronú kan àǹtí mi rárá. Ìyá mi nìkan ni mo ń rí.

Ní ọjọ́ kejì, ìkòkò náà ti ń kọrin. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo ṣí i, ìfóòfó ti gòkè dé ọrùn rẹ̀, ó funfun, ó nípọn. Mo dúró tì í títí ó fi lọ sílẹ̀, mo fún un ní omi àgbàdo àti oyin tí àǹtí mi ti pa mọ́ sínú agbada, mo tún pààrọ̀ eérú. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra lọ́jọ́ méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan, ó hó jáde, ó sì ṣàn dé ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìka kó díẹ̀, mo lá a. Ó dùn, adùn náà kò pẹ́ kí ó tó gbóná, mo sì mọ ọ̀nà tó gbà sọ̀ kalẹ̀ láyà mi.

Àǹtí mi dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Lẹ́tà kankan kò sí. Kò tíì sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn ìkòkò náà. Ó wọlé, ó rí kúbùsù, ó rí eérú. Mo wà níbẹ̀. Kò lù mí, kò sì bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò rẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní: “Ó tán.” Ohùn tó fi sọ ọ́ kò ju ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé iyọ̀ tán nílé lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Òórùn ọtí ti dé iwájú ilé. Bàbá àgbà ránṣẹ́ sí Ùsò lọ́jọ́ náà gan-an. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà méjì láti inú ẹbí wa dé, arákùnrin bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà sì dé láti Ùsò, wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti gbọ́ pé ọtí ti dé kí wọ́n lè kéde Sátidé. Wọ́n gbé ìkòkò náà síwájú wọn. Àǹtí mi kúnlẹ̀ tì í. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Yèyé ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tọ́ ọ wò, torí kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọtí ní àdúgbò wa. Ó bu ahá kan. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún, ó dá a dúró sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́, ó gbé e mì. Ó wo àǹtí mi. Lẹ́yìn náà, ó yíjú, ó sì wo ibi tí mo wà gan-an, bíi pé ilẹ̀kùn kò sí láàárín wa.

Ó ní, “Ó ti kan jù. Kò ṣeé gbé fún àlejò.”

 Ará Ùsò náà na ọwọ́, ó ní, “Yèyé, ẹ jẹ́ kí àwa náà tọ́ ọ wò.” Ṣùgbọ́n Bàbá àgbà ti gba ahá náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ìka bọ ohun tó kù nínú rẹ̀, ó lá a. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ó wo ẹnikẹ́ni pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá gbé ahá náà kalẹ̀, ó fi ohùn wolé-wolé sọ̀rọ̀: “Ó kan. Ẹ dà á nù kó má baà ba inú ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má bínú, ó di ẹ̀yìn Àjíǹde.”

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n da ọtí náà sí. Ilẹ̀ mu gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Yèyé pè mí sídìí odò, a jọ ń fọ kúbùsù mi tó ti gba eérú àti ọtí sára. Èdè Ìdóàní ni ó ń sọ, èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní: “Ṣé o rò pé mi ò mọ ìkòkò tí wọ́n fi omi dá dúró, àti èyí tí wọ́n fi eérú lé? Ọtí yẹn dára. Ó pẹ́ nínú òtútù, ó wá rí ooru nígbà tó yẹ. Mi ò tíì pọn irú rẹ̀ rí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní ìyá mi ni mo fẹ́ rí.

Ó fún kúbùsù náà, ó sá a sórí àpáta. Ó ní, “Bí o bá fẹ́ rí ìyá rẹ, èmi ni kí o sọ fún. Má lọ sọ fún ìkòkò.” Nígbà tí a gba ìsinmi Àjíǹde, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi wọ mọ́tò, mọ́tò mẹ́ta láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, títí a fi dé yàrá kan ṣoṣo tí ìyá mi ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la sùn, mi ò sì tíì sùn dáadáa bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Lẹ́tà àǹtí mi dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta nínú Lẹ́ńtì. Bàbá àgbà kà á lójúde, ó tún kà á, ó ní kí wọ́n lọ ra àpótí páànù. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá, ó jókòó títí ọjọ́ fi rọ̀, ó sì ní òun á dúró. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ìyá rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn fún un. Àǹtí mi gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì sunkún fún ọjọ́ púpọ̀, èyí tí mo mọ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé ìwé, ó fẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ nígbà tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ eérú àti kúbùsù, kò bi mí léèrè rí, èmi náà kò sì sọ ọ́.

Ní báyìí, ọjọ́ ìgbéyàwó ti máa ń wà lórí káàdì kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun. Mọ́tò á já ọtí onígò sílẹ̀, wọ́n á kó yìnyín lé e lórí, kò sí ẹni tí yóò dúró dè é. Mi ò sọ pé ó burú. Ọmọbìnrin tí kò bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lónìí lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ohun tó yí padà tí mo máa ń rò jù ni pé a ti wá ń sọ gbogbo nǹkan. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, gbogbo ẹbí á ti dá sí i lórí fóònù, èyí tó wà nílé àti èyí tó wà lókè òkun, wọ́n á bínú, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Àgbàlagbà méjì yẹn ò bá ara wọn sọ gbólóhùn kan. Wọ́n kàn jọ purọ́ kan ṣoṣo lójú àlejò nítorí ọmọ wọn, wọ́n dìde, Yèyé lọ bẹ iṣu, Bàbá lọ wo ìdérí àmù. Àwọn méjèèjì ti lọ. Kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè bóyá wọ́n tiẹ̀ tún mẹ́nu kàn án fún ara wọn láyé wọn.